Kìlómítà Mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún ti Ọjọ́ Ẹtì

Huguette ọmọ Alcide kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun sọ̀rọ̀ tí kò nídìí ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn oṣù kẹrin. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni owó orí epo máa ń tó san, àwọn onítírélà mọ́kànlélọ́gbọ̀n tó ń bá ṣírò owó sì máa ń dé lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni pé wọ́n jọ ṣàdéhùn. Ẹlòmíì á kó rìsíìtì rẹ̀ wá sínú àpò búrẹ́dì. Ẹlòmíì á ti fi mẹ́ta nínú rẹ̀ nu ọwọ́ tó lọ́ràá. Ẹlòmíì á dúró sẹ́nu ọ̀nà pé bàtà òun dọ̀tí, òun ò níí wọlé, kó ṣáà sọ fún òun pé eélòó ni. Ọ́fíìsì rẹ̀ wà lókè ilé ìtajà bàtà kan tó ti kógbá wọlé ní ìlú Grand-Sault ní Kánádà, abẹ́ fèrèsé rẹ̀ sì ni àwọn tírélà tó kó ànàmọ́ àti igi gẹdú ń gbà kọjá láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi máa ṣú. Ó ti mọ ìró wọn débi pé ó lè sọ èyí tó kó ẹrù àti èyí tó ṣófo láì gbójú sókè.

Iṣẹ́ owó orí epo yìí ò le lójú ẹni tó bá mọ̀ ọ́n. Ilẹ̀ tí tírélà bá ti fi táyà tẹ̀, ìjọba ibẹ̀ máa gba owó orí lórí epo tó jó níbẹ̀. New Brunswick á gba tiwọn, Québec á gba tiwọn, Maine ti Amẹ́ríkà tó wà ní òdìkejì odò á gba tiwọn. Ìdí nìyẹn tí kìlómítà kọ̀ọ̀kan fi gbọ́dọ̀ ní ibi tí a kọ ọ́ sí. Dírẹ́bà á kọ ibi tó lọ sínú ìwé, aago ọkọ̀ á ka tirẹ̀, Huguette á sì fi ọ̀kan wé èkejì.

Fernand Bossé, tí gbogbo àdúgbò mọ̀ sí Fernand ọmọ Ti-Paul, ló dé kẹ́yìn lọ́jọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ yẹn. Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin ni. Tírélà mẹ́ta ló ní, dírẹ́bà méjì ló gbà síṣẹ́, òun fúnra rẹ̀ ló ń wa ẹ̀kẹta. Ó ju ìwé rẹ̀ sórí tábìlì, ó wá fa lẹ́tà kan yọ nínú àpò ẹ̀wù bí ẹni ń fa ẹ̀gún yọ.

“Ọmọ Alcide, wọ́n ní àwọn ń bọ̀ wá yẹ ìwé mi wò. Kí ni mo ṣe?”

Huguette ka lẹ́tà náà. “Ẹ ò ṣe nǹkan kan. Ẹ jókòó ná. Orúkọ yín ló kàn bọ́ sí wọn lọ́wọ́, bí ìgbà tí wọ́n bá ń fa nọ́ńbà tẹ́tẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fún wa.”

“Èmi tí mi ò jẹ tẹ́tẹ́ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi. Èyí ni mo wá jẹ.”

“Ẹ jẹ́ kí n wo ohun tí wọ́n fẹ́ wá wò kí wọ́n tó dé.”

Fernand jókòó, ó gbé fìlà sórí orúnkún, ó sì ń wo òde. Huguette ṣí kọ̀ǹpútà, ó ń fi ìwé wé aago. Tírélà kìíní pé. Ìkejì pé. Nígbà tó dé orí ìkẹta, èyí tí Fernand ń wà, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Aago ọkọ̀ ti ka kìlómítà mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún tí kò sí nínú ìwé. Ọjọ́ Ẹtì ló ṣẹlẹ̀. Ó fo ọ̀sẹ̀ kan, ó tún bá a lọ́jọ́ Ẹtì mìíràn. Ó fo ọ̀kan, ó tún bá a. Ẹ̀ẹ̀mẹfà nínú oṣù mẹ́ta. Ó ṣí ti èṣí, ó rí i níbẹ̀ náà. Ẹ̀rù bà á díẹ̀, nítorí òun fúnra rẹ̀ ló ti ń fọwọ́ sí ìwé wọ̀nyẹn tí kò rí i.

“Fernand, níbo lẹ máa ń lọ ní Fúráìdé?”

“Fúráìdé wo?”

“Ẹ máa lọ lọ́sẹ̀ yìí, ẹ ò ní lọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ tún máa lọ. Kìlómítà mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún. Kì í lé, kì í dín.”

Ọkùnrin náà yí fìlà lórí orúnkún. “Bóyá mo ṣìnà.”

“Ọdún méjìdínlógójì lẹ ti ń wa ọkọ̀ ládùúgbò yìí. Ẹ ṣìnà lẹ́ẹ̀mẹfà, ibì kan náà lẹ sì ṣìnà lọ?”

“Yìnyín dí ọ̀nà.”

“Ní oṣù kẹjọ èṣí ńkọ́? Yìnyín náà ni?”

“Kọ ohun tó bá ti wù ẹ́ síbẹ̀ jàre.”

“Ẹ mọ̀ mí. Èmi kì í kọ ohun tó bá wù mí.”

Fernand dìde. Ojú rẹ̀ ti pọ́n dé etí. Ó dé fìlà rẹ̀, ó ní ìyàwó òun tó ti kú gan-an ò bi òun ní ìbéèrè báyìí rí, ó sì sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn náà bí ẹni tí wọ́n ń lé.

Gbogbo ọjọ́ yẹn ni ọkàn Huguette ò balẹ̀. Ó kọ́kọ́ rò ó pé obìnrin ni, ó rẹ́rìn-ín, nítorí kò sí ohun tó burú nínú kí ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ ti kú rí ẹni bá sọ̀rọ̀, àmọ́ ta ló ń gbé odidi tírélà lọ fẹ́ obìnrin? Ó wá rántí odò, ó rántí Maine tó wà ní òdìkejì, àti àwọn tó ń kó sìgá kọjá níbẹ̀ lọ́nà tí kò bófin mu. Ẹ̀rín náà bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti pinnu pé òun ò ní bo òótọ́ mọ́ oníbàárà kankan lójú. Alcide bàbá rẹ̀ wa gẹdú fún ọdún mẹ́rìnlá, epo àti táyà ń jẹ èrè rẹ̀ lábẹ́lẹ̀, kò sì sẹ́ni tó jókòó tì í láti sọ fún un, títí wọ́n fi wá fa tírélà náà lọ níwájú ilé lọ́sàn-án gangan. Huguette jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá. Ó rántí pé bàbá òun bá wọn ṣí géètì.

Ní Ọjọ́bọ̀, tẹlifóònù dún.

“Ọ̀la, aago méje àárọ̀,” Fernand ní. “Dúró síbi òṣùwọ̀n ọkọ̀ ní Saint-Léonard. Tẹ̀lé mi. Má sì bi mí ní nǹkan kan.”

“Ṣé ọ̀rọ̀ tó máa gbé wa dé ilé ẹjọ́ ni?”

“Mo ní má bi mí ní nǹkan kan,” ó sì gbé e kalẹ̀.

Nígbà tó di aago méje, tírélà náà kọjá, òfìfo ni, Huguette sì yí mọ́tò kékeré rẹ̀ tẹ̀lé e. Wọ́n kúrò lọ́nà ńlá, wọ́n gba ọ̀nà tó wọ inú igbó lọ sí ìhà Saint-Quentin. Yìnyín ṣì wà lábẹ́ àwọn igi, ó ti dúdú létí, omi sì ń sáré nínú kòtò ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà méjèèjì. Àwọn tó ń gba omi adùn lára igi ti ń tú ọ̀pá ike tí omi náà ń gbà kúrò. Nígbà tó tó kìlómítà mẹ́rìnlélógún, tírélà náà dẹ̀rọ̀, ó dúró níwájú ilé onípákó aláwọ̀ búlúù kan.

Ọkùnrin kan ti wà létí ọ̀nà, ó jókòó lórí garawa tó dojú dé, fúláàsì kọfí wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó ti múra bí ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́, ó fá irùngbọ̀n, ó wọ jákẹ́ẹ̀tì tó ní orúkọ iléeṣẹ́ Fernand láyà, èyí tí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ tán. Nígbà tó dìde ni Huguette rí i pé ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kì í ṣe ẹsẹ̀ gidi, àtọwọ́dá ni. Ọ̀pá méjì ló fi rìn dé ara ọkọ̀. Ó ju ọ̀pá náà wọlé ṣáájú, ó di irin mú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa ara rẹ̀ gòkè, ó ń sinmi, ó ń fà. Fernand ti sọ̀ kalẹ̀, kò ràn án lọ́wọ́. Ó lọ dúró níwájú táyà iwájú, ó ń wò ó bí ẹni pé kò rí táyà rí, títí ó fi gbọ́ tí ilẹ̀kùn òkè pa dé. Ìgbà náà ló tó padà sẹ́yìn sítíárìn. Tírélà náà hó, ó sì gun òkè lọ.

Obìnrin kan ṣí ilẹ̀kùn ilé náà, ìyẹ̀fun wà lọ́wọ́ rẹ̀. “Ìwọ ni aṣírò-owó ẹ̀. Ó ní o máa wá. Wọlé, wákàtí kan ni wọ́n máa ń lò.”

Gemma Soucy ni, ẹ̀gbọ́n ọkùnrin yẹn. Orúkọ àbúrò rẹ̀ ni Ovila. Ó da ìyẹ̀fun pípò ploye, àkàrà pẹlẹbẹ ilẹ̀ wọn, sórí irin gbígbóná, ó dúró de kí ojú rẹ̀ ní ihò wẹ́wẹ́, ó wá gbé e síwájú Huguette pẹ̀lú bọ́tà, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ láì jókòó.

Ovila ti wa ọkọ̀ fún Fernand fún ọdún mẹ́sàn-án. Ní oṣù kejì ọdún kan, ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, Fernand ní kó gbé pákó lọ sí Rivière-du-Loup. Ó gbé e dé. Nígbà tó ń padà bọ̀ ni ọkọ̀ yọ̀ lórí yìnyín, ó fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ nínú igbó, ó sì tó wákàtí márùn-ún kí wọ́n tó gé irin kúrò lára rẹ̀. Wọ́n gé ẹsẹ̀ náà pẹ̀lú. Adójútòfò san ohun tó yẹ kó san, ìjọba sì ń fún un ní owó díẹ̀ lóṣooṣù.

“Fún ọdún mẹ́jọ, Ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ni wọ́n ti ń rí ara wọn,” Gemma ní. “Ọ̀kan á kí èkejì bíi pé ilé-ìfowópamọ́ ni wọ́n ti mọra. Èyí tó wà nínú ilé yìí ń jókòó sójú fèrèsé yẹn látàárọ̀, ó ń gbọ́ ìró ọkọ̀. ‘Gemma, ẹni yẹn ti pẹ́ kó tó yí jíà.’ ‘Gemma, bíréèkì ìyẹn ò dáa.’ Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ya wèrè. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni Fernand gbé igi ìdáná wá fún wa, nínú tírélà, òmùgọ̀, igi tí kò kún ẹ̀yìn mọ́tò kékeré. Kò sọ nǹkan kan. Ovila jáde, òun náà ò sọ nǹkan kan. Ó wá ní, ‘Ṣé mo lè jókòó sínú ẹ̀ fúngbà díẹ̀?’ Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.”

“Níbo ni wọ́n ń lọ?”

“Orí òkè, wọ́n á yí padà. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Alẹ́ Fúráìdé nìkan ni àbúrò mi ń sùn dójú.” Ó da òmíràn sórí irin. “Jẹun. O tinrín jù.”

Huguette ò lè jẹ tán.  Ó ń ronú nípa bí òun ṣe rò ó pé sìgá ni, ojú sì tì í. Àmọ́ nǹkan mìíràn tún wà tó ń dà á láàmú, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti sọ ọ́.

Nígbà tí tírélà náà padà dé, Ovila wọlé pẹ̀lú ẹ̀rẹ̀kẹ́ pupa àti òórùn dísẹ́ẹ̀lì, ó ń pariwo kó tó jókòó. “Gemma, wọ́n ti fọ́ kọ́nà keje! Òkúta ni wọ́n dà síbẹ̀, ta ni wọ́n fẹ́ pa?” Inú rẹ̀ dùn bí ẹni tó ti Amẹ́ríkà dé. Huguette kí i, ó dúró díẹ̀, ó wá fi ojú pe Fernand jáde.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ tírélà ló ti sọ ọ́. “Fernand, ẹ má bínú sí mi. Adójútòfò yín ò mọ̀ pé ẹnì kejì ń wọ ọkọ̀ yìí. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ lórí òkè yẹn, wọn ò ní san nǹkan kan. Tírélà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á lọ, ilé yín á lọ, iṣẹ́ á bọ́ lọ́wọ́ àwọn dírẹ́bà méjèèjì. Ovila fúnra ẹ̀ ò sì ní rí nǹkan gbà. Ẹ gbọ́dọ̀ dá a dúró títí a fi máa rí ọ̀nà tó bófin mu.”

Fernand nu ọwọ́ sára ṣòkòtò. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kéré.

“Mo ti gba ẹsẹ̀ ọkùnrin yẹn. Ṣé kí n tún wá gba Fúráìdé ẹ̀ ni?”

“Ta ló sọ fún ẹ pé ìwọ lo gba ẹsẹ̀ mi?”

Ovila ni. Ó ti jáde sí ẹnu ọ̀nà láti mú fìlà Fernand fún un, èyí tó gbàgbé sórí tábìlì. Ó di fìlà náà mọ́ ọ̀pá rẹ̀. 

“Èmi ni mo ní kó o lọ,” Fernand ní. “Wọ́n ti sọ ọ́ lórí rédíò pé ìjì ń bọ̀. Mo gbọ́. Mo ní kó o lọ.”

“O ní kí n lọ. Mo lọ. Mo já ẹrù, àlàáfíà ni. Nígbà tí mò ń bọ̀, mo dúró mu kọfí ní Cabano. Gbogbo dírẹ́bà tó wà níbẹ̀ ló ní kí n sùn. Ọmọbìnrin tó ń ta kọfí gan-an ní kí n sùn, ó ní ọkọ̀ òfìfo kì í di ilẹ̀ mú nínú irú ojú ọjọ́ báyìí. Ṣé o mọ ohun tó lé mi lọ?” Ovila wo ilẹ̀. “Họ́kì. Montréal ń gbá pẹ̀lú Boston lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo fẹ́ lọ wò ó nílé.”

“Boston sì tún na Montréal!” Gemma ké láti inú ilé, nítorí fèrèsé ṣí sílẹ̀.

Ẹ̀rín fẹ́ pa Ovila, àmọ́ omi wà lójú rẹ̀. “Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Ojú ń tì mí. Odidi ẹsẹ̀, nítorí họ́kì. Mo rí ọ ní Ṣọ́ọ̀ṣì tó o ń tẹ orí ba, mo rò ó pé o ti mọ̀, pé o ń bínú nítorí ọkọ̀ ẹ tó bàjẹ́. Fernand, ọdún mọ́kànlá lo fi gbé ẹrù mi kiri, o ò sì gba owó ọkọ̀ lọ́wọ́ mi.”

Fernand gba fìlà náà, ó fà á bo ojú. Ó yí padà, ó lọ dúró níwájú táyà iwájú.

“Táyà yẹn ò ní nǹkan kan,” Ovila ní. “Padà síbí.”

Ó padà. Àwọn méjèèjì dúró sára wọn, wọn ò dì mọ́ra, kì í ṣe àṣà wọn, àmọ́ Ovila gbé ọwọ́ kan lé e léjìká, ó sì fi gbogbo ara tì í. Huguette yí ojú sí igbó. Ó ń wá áńkáṣíìfù nínú báàgì, ìwé ìṣírò ló ń kàn.

Nínú ilé, lẹ́yìn tí wọ́n ti jókòó tí Gemma sì ti da kọfí tuntun, Ovila ló kọ́kọ́ béèrè. “Wò ó, kí ló dé tó jẹ́ pé òfìfo lo máa ń wá síbí ní gbogbo ìgbà? Ibo lo ti ń bọ̀?”

“Láti Rivière-du-Loup. Mo ti já pákó lálẹ́ Ọjọ́bọ̀.”

“O sì wá òfìfo? Láti Rivière-du-Loup?”

“Àwọn ọkọ̀ yòókù náà ń ṣe bẹ́ẹ̀,” Huguette sọ ọ́ wẹ́rẹ́, nítorí ó ti tó ọdún méjì tó ti ń kọ ọ́ sí Fernand nínú gbogbo ìwé ìparí ọdún, tí Fernand ń ní òun máa wò ó. Ó fa bébà kan yọ, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì láàárín àwo. “Ẹ wò ó. Nínú ọgọ́rùn-ún kìlómítà tí àwọn ọkọ̀ yìí ń rìn, mọ́kànlélógójì ni kò kó nǹkan kan. Owó epo kan náà, owó dírẹ́bà kan náà. Pákó ń mú èrè wá, òfìfo ń dá a padà.”

Ovila fa bébà náà mọ́ra. Ó fi ìka tẹ̀ lé ìlà kọ̀ọ̀kan, ẹnu rẹ̀ ń lọ. “Oúnjẹ màlúù wà ní Rivière-du-Loup. Àwọn olóko tó wà lápá ìhín ń wá ọkọ̀ tó máa gbé e, ọkùnrin kan tí òun àti Gemma jọ ń kọrin ní Ṣọ́ọ̀ṣì wà lára wọn. Edmundston, bébà wà níbẹ̀. Ajílẹ̀ ńkọ́? Ní oṣù kẹrin tí gbogbo ayé ń gbin ànàmọ́, Fernand, o ń gbé afẹ́fẹ́ kiri!”

“Mò ń wakọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Ìgbà wo ni mo fẹ́ máa fi tẹlifóònù wá ẹrù?”

“Ẹnìkan gbọ́dọ̀ máa wá a fún un,” Huguette ní. Ó wo Ovila. “Ẹni tó mọ ọ̀nà, tó mọ àwọn olóko, tí ìró jíà lásán máa sọ fún un pé ọkọ̀ fẹ́ bàjẹ́.”

 Ojú Ovila le. Ó ti bébà náà sẹ́yìn.

“Ẹ ti jọ sọ èyí kẹ́ ẹ tó wá ni? Mi ò gba owó àánú.”

“Fernand ò mọ̀ sí i rárá, ẹ wo ẹnu ẹ̀ bó ṣe là sílẹ̀,” Huguette ní. “Ẹ gbọ́. Ọdún mẹ́rìnlélógún ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, kò sí ìlà tí wọ́n ń kọ àánú sí nínú ìwé mi. Bí ẹ bá rí ẹrù mẹ́ta péré lọ́sẹ̀ kan, ó ti pé owó yín, ó tún ṣẹ́ kù. Bí ẹ ò bá rí i láàárín oṣù mẹ́fà, èmi fúnra mi ni mo máa sọ fún Fernand pé kó dá yín dúró. Ẹ bi í bóyá mo máa sọ ọ́.”

“Ó máa sọ ọ́,” Fernand ní. “Obìnrin yìí ò láàánú.”

Ovila bú sẹ́rìn-ín. Gemma, tó kẹ́yìn sí wọn nídìí iná, ń fi apá ẹ̀wù nu ojú, ó ní èéfín ni.

Kò yá bí wọ́n ṣe rò. Ọjọ́ mọ́kànlá ni Huguette fi ń bá ọ́fíìsì ìjọba sọ̀rọ̀ kó lè mọ iye tí Ovila lè gbà láìjẹ́ pé owó tí wọ́n ń fún un nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró. Wọ́n fi orin tí wọ́n ń kọ sétí ẹni tó ń dúró lórí tẹlifóònù fìyà jẹ ẹ́. Ó parí sí wákàtí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ́sẹ̀, kò gbọ́dọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Adójútòfò náà kọ́kọ́ kọ̀. Huguette kọ lẹ́tà mẹ́ta sí wọn, ó ní òṣìṣẹ́ tó ń ṣètò ọ̀nà gbọ́dọ̀ máa rí ọ̀nà náà fúnra rẹ̀. Níkẹyìn wọ́n fi ìwé kan ránṣẹ́ tó ní Ovila Soucy lè wọ ọkọ̀ kẹta lẹ́ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀ méjì, pẹ̀lú owó kékeré lórí iye àtẹ̀yìnwá. Ọjọ́ Ẹtì mẹ́ta ni Fernand kò fi gbé e láàárín àkókò náà. Mọ́tò kékeré ni Huguette fi gbé Ovila lọ sórí òkè lọ́kan nínú wọn, ọkùnrin náà sì ṣàríwísí bó ṣe ń tẹ kílọ́ọ̀ṣì láti ìsàlẹ̀ dé òkè.

Ẹni tí wọ́n rán wá láti ọ́fíìsì owó orí dé nígbà tó pé, ọ̀dọ́bìnrin jẹ́jẹ́ kan ni. Huguette ò dúró kó fúnra rẹ̀ rí àṣìṣe náà. Ó ti tún ìwé ọdún mẹ́ta náà ṣe, ó kọ kìlómítà ọjọ́ Ẹtì kọ̀ọ̀kan síbi tó yẹ, ó fi iye tó kù láti san sórí rẹ̀, kò ju igba dọ́là ó lé díẹ̀ lọ, ó sì sọ pé òun ló yẹ kó ti rí i.

“Kí ni wọ́n kọ sí ibi ìdí ìrìn àjò?” ọ̀dọ́bìnrin náà béèrè, ó fi bírò tọ́ka síbẹ̀.

“Ohun tó jẹ́ náà ni mo kọ. Ó lọ gbé ọ̀rẹ́ rẹ̀ jáde.”

Ọ̀dọ́bìnrin náà kà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó bi í bóyá ọ̀rẹ́ náà gbádùn rẹ̀. Huguette ní ó gbádùn rẹ̀. Ọ̀dọ́bìnrin náà fi òǹtẹ̀ lù ú, ó gba sọ́wédowó, ó sì lọ.

Láàárín oṣù kẹfà, àwọn dírẹ́bà méjèèjì wá fẹjọ́ sùn lọ́fíìsì Huguette pé Ovila ò jẹ́ kí àwọn sinmi. Aago mẹ́fà àárọ̀ ló ti ń pè. Ó mọ ilé kọfí tí wọ́n dúró sí. Ó ti bá àwọn olóko oúnjẹ màlúù jà lórí iye, ó ti bá wọn parí ìjà, ó ti gba iṣẹ́ ajílẹ̀ fún gbogbo ìgbà ìrúwé tó ń bọ̀. Ó bá Fernand náà jà lórí tẹlifóònù lójoojúmọ́, ariwo gidi, àwọn méjèèjì sì máa ń pe Huguette lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ pé kó bá àwọn sọ fún òmùgọ̀ yẹn. Nígbà tí Huguette ṣírò rẹ̀, kìlómítà òfìfo mọ́kànlélógójì nínú ọgọ́rùn-ún ti di mẹ́rìnlélógún. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀mejì kó lè dá a lójú.

Ìwé owó iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí Ovila máa gbà, Huguette kò fi ránṣẹ́. Ó gbé e lọ fúnra rẹ̀. Ó bá a nídìí tábìlì ilé ìdáná, tẹlifóònù méjì wà níwájú rẹ̀ àti àwòrán ilẹ̀ kan tí ó ti fi bírò kọ nǹkan kún bámúbámú. Ó gba ìwé náà, ó wọ awò ojú, ó sì kà á láti òkè. Kò dúró lórí iye tó wà nísàlẹ̀. Àárín ni ìka rẹ̀ dúró sí.

“Kí nìyí?”

“Owó orí yín ni. Ìjọba ti yọ ọ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Ó kéré, ẹ má jẹ́ kó bà yín nínú jẹ́. Bí ọdún bá parí mo lè bá yín gba díẹ̀ padà.”

Ovila fa ìwé náà súnmọ́ ojú. Ó ń wo ìlà yẹn. Ó yọ awò ojú, ó fi etí ẹ̀wù nù ún, ó tún un wọ̀, ó tún un kà.

“Ọdún mọ́kànlá,” ó ní, “wọn ò gba nǹkan kan lọ́wọ́ mi. Àwọn ni wọ́n ń fún mi.” Ohùn rẹ̀ já. “Huguette, mo ti ń san owó orí.”

“Ẹ ti ń san án.”

“Gemma! Wá wò ó. Wọ́n yọ dọ́là mọ́kàndínlógún lọ́wọ́ mi!”

Gemma wá, ó tẹ̀ síwájú lórí èjìká rẹ̀, ó wò ó. “Nínú gbogbo Kánádà,” ó ní fún Huguette, “ìwọ lo lọ wá èyí tí inú ẹ̀ ń dùn pé ìjọba jà á lólè.” Àmọ́ ó gbé ọwọ́ lé orí àbúrò rẹ̀, kò sì gbé e kúrò títí tẹlifóònù kan fi dún, tí Ovila sì fi ohùn tó le ketekete bi dírẹ́bà tó pè é pé, “Níbo lo wà? O ò tíì kúrò níbẹ̀ látàárọ̀?”